Ilé Wo Ni Kí A Wò? Sísọ Ọmọ Lórúkọ ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ ọ́ sínú àròkọ láìbi ara wọn léèrè pé kí ni ilé tí à ń wò náà jẹ́ gan-an. Kì í ṣe ògiri àti òrùlé. Ìdílé tí ọmọ ti ṣẹ̀ ni, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, oyè tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń bọ. Ó tún jẹ́ ipò tí inú ilé wà ní ọjọ́ tí ọmọ dé: ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe ni, tàbí ìdùnnú, wọ́n ti ń wá ọmọ tipẹ́ ni, tàbí ìjà ọkọ àti aya ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà nínú ohun tí à ń pè ní ilé.

Ní ìgbà tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan dúró sí ojú kan, ilé wíwò kò gba wàhálà. Bàbá àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojúbọ wà lẹ́yìn ilé, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n gbọ́ igbe ọmọ ní òru sì mọ bí ó ti wáyé. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ tí ó tọ́ kò ní í ju kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì. Ṣùgbọ́n kí ni kí tọkọtaya tí wọ́n ń gbé yàrá kan ní Muṣin wò, nígbà tí ọkọ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí aya jẹ́ ọmọ Èkìtì, tí onílé wọn jẹ́ Àwórì, tí ẹni tí ó wà ní yàrá kejì sì jẹ́ ọmọ Ìgbò? Àṣà tí a gbé ka orí agbo ilé ni wọ́n fẹ́ ṣe níbi tí kò sí agbo ilé.

Bí àwọn àdúgbò wọ̀nyí ti ṣe tẹ̀ dó wà lára ìdí ọ̀rọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti 1924, ó sì gbé ẹ̀mí púpọ̀ lọ. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ìlú Èkó, ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì la òpópónà tí ó kọ́ ilé sí Yábàá kí èrò lè dín kù ní erékùṣù. Ní 1955 ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, ó sì ń kó àwọn tí ilé wọn wó lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn tí a kó lọ yìí, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti tú ẹbí ká: ẹni tí ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣírò owó ọkọ̀ kí ó tó lọ kí i. Ní ti Muṣin, abúlé àwọn Àwórì ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó sì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967. Àwọn tí iṣẹ́ gbé wá sí Èkó láti ọ̀nà jíjìn, tí agbára wọn kò ká owó ilé ní àárín ìlú, ni wọ́n kún un.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a rántí ìhun orúkọ Yorùbá. Gbólóhùn ni púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí í ṣe wálé, a ó rí Adéwálé, Ọláwálé, Oyèwálé, Akínwálé, Ògúnwálé, Ifáwálé, Àyánwálé, Ọdẹ́wálé àti Ọ̀jẹ́wálé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nípa ọmọ, pé ẹnì kan ti wọlé dé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìdílé ọba ni ó ń sọ pé adé wálé. Alágbẹ̀dẹ àti ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́ ni ó ń sọ pé Ògún wálé. Onílù ni ó ń pe Àyàn. Ẹni tí ń gbé eégún ni ó ń pe Ọ̀jẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní Ṣó- tiwọn, tí a ké kúrò lára oṣó, bí a ti ń rí i nínú Ṣóyínká àti Ṣówándé. Ìdílé àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń jẹ́ Ọnàbánjọ. Apá ìkẹyìn orúkọ ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀; apá ìṣáájú ni ó ń fi ilé hàn.

Apá ìṣáájú yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ mì nígbà tí ìgbàgbọ́ tuntun dé tí ènìyàn sì ń ṣí kúrò nílé lọ sí Èkó. Ilé tí ń sọ ọmọ ní Ifágbémi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Olúwagbémi. Kò sí àléébù nínú èyí, nítorí pé ilé tí kò bọ Ifá mọ́ kò ní ìdí láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Èyí tí ó ṣòro láti gbèjà ni ìṣe àwọn òbí tí wọ́n ń gbé Adé lé ọmọ lórí kìkì nítorí pé ó dùn ún pè, nígbà tí kò sí adé kankan nínú ìtàn bàbá tàbí ti ìyá. Àwọn àgbà ì bá bi wọ́n léèrè pé adé ta ni ó wálé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí orúkọ ti ń yí padà láìṣí ìwé, kí ó rìn láti Yábàá lọ sí Sùúrùlérè kí ó máa ka àwọn pátákó ojú ọ̀nà. Ọ̀nà ńlá tí ó gba inú Yábàá kọjá ń jẹ́ Herbert Macaulay. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1864 ni a bí ẹni tí ó ni orúkọ yìí, Ọláyínká sì ni orúkọ tí ó ṣáájú àwọn orúkọ rẹ̀ yòókù: Herbert, Samuel, Heelas, Badmus. Àwọn Mùsùlùmí ni a mọ̀ mọ́ Badmus, bẹ́ẹ̀ àlùfáà ìjọ Kristi ni bàbá ọmọ náà! Àlùfáà ni bàbá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, èyí ni Àjàyí ará Òṣogùn, tí a mú lẹ́rú ní 1821, tí a sì ṣe ìrìbọmi fún ní Freetown ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, tí ó fi gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Crowther kò jẹ́ kí Àjàyí sọ nù. Ó ṣeni láàánú pé pátákó Yábàá kò ní àyè fún Ọláyínká.

Ní Sùúrùlérè, ọ̀nà kan ń jẹ́ Bode Thomas. Agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ni ẹni náà, a bí i ní 1919, ó sì kú ní 1953. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọlábọ̀dé Àkànbí Thomas. Orúkọ tí a sọ ọ́ nítorí ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, oríkì rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ òyìnbó tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ sì tẹ̀ lé wọn. Pátákó gé ti ìṣáájú kúrú, ó sì mú oríkì kúrò pátápátá. Ibi tí kò jìnnà sí i ni ọ̀nà Adéníran Ògúnsànyà wà, tí a fi sọrí ọmọ Ìkòròdú kan tí a bí ní 1918, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ni òun náà. Níhìn-ín kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan mọ́.

Ìyípadà láti Herbert dé Adéníran kò ṣàdédé wáyé. Láàárín ìbí wọn ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni ó so ìgbàgbọ́ pọ̀ mọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni a bí ní Iléṣà ní 1860, David Brown Vincent ni ó sì ń jẹ́ títí di 1894, tí ó pa á tì tí ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Oníwàásù ni, kò sì fi iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀. Aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀ títí ó fi kú ní 1917.

Orúkọ bí Ògúnsànyà mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Gbígbé orúkọ bàbá lé ẹ̀yìn orúkọ ẹni kì í ṣe àṣà Yorùbá láti ilẹ̀ wá. Ìwé orúkọ ilé-ìwé àti ti ìjọ ni ó sọ ọ́ di dandan. Ògún san ìyà: ọmọ kan ni a bí ní ọjọ́ kan sínú ilé tí ìyà ti jẹ, tí wọ́n sì rò pé ìyà náà ti ní ẹ̀san. Gbólóhùn náà tọ́ sí ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di orúkọ ìdílé, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ láìmọ ìyà tí a ń wí. Àwọn kan tilẹ̀ ń tijú rẹ̀, wọ́n ń yọ Ògún kúrò, wọ́n ń yọ Fá kúrò, wọ́n ń fi Olú tàbí Jésù rọ́pò. Ó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ rò ó. Fún ọmọ tí a bí sí yàrá àyágbé ní Muṣin, tí kò mọ agbo ilé bàbá rẹ̀, tí kò sì rí ojúbọ tàbí ọgbà rí, orúkọ ìdílé ni agbo ilé kan ṣoṣo tí ó kù. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Jésùtófúnmi, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ Fágbémi, orúkọ méjèèjì kò bá ara wọn jà. Ìtàn ìran mẹ́ta ni a kọ sórí ìlà kan. Ẹni tí ó bá pa Fá rẹ́ kò pa òrìṣà kankan. Ìtọ́kasí sí ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá ni ó pa.

Orúkọ àmútọ̀runwá kò kan ọ̀rọ̀ yíyàn rárá. Bí ọmọ bá ti wáyé ni ó ń sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí, èyí tí ó mú ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè, èyí tí okùn ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí awọ bò lójú ni Sàlàkọ́ tàbí Tàlàbí. Táíwò àti Kẹ́hìndé kò ní wàhálà, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ń dé sí. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń sá kúrò ní ipò orúkọ ọmọ, wọ́n sì ń kó sí ipò orúkọ ìdílé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní àtijọ́, ìyá ọkọ àti àwọn àgbà obìnrin ilé ni wọ́n wà níbẹ̀ tí ọmọ fi jáde. Lónìí nọ́ọ̀sì àti dókítà ni wọ́n ń rí i, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe láti sọ orúkọ. Bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ọmọ ni ó wà nísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ lè lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, Ìgè á sì wáyé láìsí ẹni tí yóò pè é ní Ìgè. Bàbá tí ó bá fẹ́ mọ̀ lè bi àwọn agbẹ̀bí ní ọjọ́ náà gan-an pé báwo ni ọmọ òun ti wá. Ìbéèrè kékeré ni, kò sì ní í gbowó.

Orúkọ àbísọ ni ó gba ìrònú jù. Òun ni ó ń gbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ró: Abíọ́nà fún ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà, Abíọ́dún fún ti ọjọ́ ọdún, Abọ́sẹ̀dé fún ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, Ẹkúndayọ̀ àti Rẹ̀mílẹ́kún fún ilé tí omijé kò tíì gbẹ níbẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ní òfin tiwọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àti bàbá aya rẹ̀ ṣì wà láàyè kò gbọdọ̀ sọ ọmọ ní Babátúndé nítorí pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò tí ó sì wù ú. Bàbá wo ni ó tún dé, nígbà tí wọn kò tíì lọ? Ní ìlú, aládùúgbò ni a ń wò dípò ilé, ibẹ̀ sì ni irú àṣìṣe yìí ti ń wá. Ti Tòkunbọ̀ tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Orúkọ iyì ni fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé padà wálé, títí àwọn tí ń ta ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun fi gbé e fún ọjà wọn. Láti ìgbà náà ni Tòkunbọ̀ ti di ọkọ̀, fíríìjì àti táyà, tí ọ̀pọ̀ òbí sì ń lọ́ra láti fi pe ọmọ wọn.

Orúkọ àbíkú ni ó ní ẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n, àwọn òbí tí wọ́n ti sin ọmọ léraléra ni wọ́n sì ń bẹ̀. Kòsọ́kọ́ le ju ẹ̀bẹ̀ lọ, ó ń sọ fún ọmọ pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Èkó mọ orúkọ yìí dáadáa, nítorí pé Kòsọ́kọ́ ni ọba tí ó jẹ láti 1845 títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lé e kúrò ní oṣù Kejìlá 1851.

Ní Muṣin, nítòsí Ìdí-Òro, ọkùnrin kan gbé ní ẹ̀wádún 1970 tí ìtàn orúkọ rẹ̀ bá èyí mu. A bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1938, Ransome-Kuti sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa ayé rẹ̀, tí ó jáde ní 1982, Fẹlá sọ pé òun ti wá sáyé rí ṣáájú ìgbà yẹn. Pé bàbá òun ní kí òyìnbó ajíhìnrere ará Jámánì kan sọ òun lórúkọ, òyìnbó náà sì pe òun ní Hildegart. Pé òun kọ orúkọ náà, òun sì padà síbi tí òun ti wá láìpẹ́ ọjọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kí ó gbà á. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni pé èdè àbíkú ni ó fi sọ ọ́, àti pé ọmọ ni ó ṣèdájọ́ pé wọn kò wo ilé kí wọ́n tó sọ òun lórúkọ. Ní àárín ẹ̀wádún 1970 ó yọ Ransome kúrò, ó fi Aníkúlápó sí i, ẹni tí ó fi ikú sínú àpò ara rẹ̀. Orúkọ yìí ni ó ń jẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun wá dáná sun ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn òbí òde òní mú nínú àwọn orúkọ àbíkú. Ibi tí kò jìnnà sí Ìdí-Òro ni Ìdí-Àràbà wà, tí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, ibùdó kan sì dojú kọ ilé-ìwòsàn náà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn oníṣègùn gbà pé àìsàn yìí wà nídìí púpọ̀ nínú ikú ọmọdé tí à ń pè ní àbíkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà àti ìgbóná náà pa tiwọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti mú ọmọ SS wá. Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí Kòkúmọ́ tàbí Málọmọ́ nínú orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀, ẹ̀rí ni pé a ti sọkún ọmọ rí ní ilé náà, kí ó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó gbéyàwó. Irú ilé wíwò bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìsọmọlórúkọ.

Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Muṣin, ti yanjú ọ̀rọ̀ tiwọn ní ọ̀nà tí ó dára. Abdul-Azeez di Làsísì lẹ́nu Yorùbá, Abdul-Hameed di Làmídì, Abdul-Rahman di Ràmọ́ní, a sì gbé ohùn Yorùbá lé wọn. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ òbí ń dá wọn padà sí bí àwọn Lárúbáwá ti ń pè wọ́n. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe rò pé Làsísì jẹ́ àṣìpè. Orúkọ Yorùbá ni, gẹ́gẹ́ bí Adéwálé.

Oríkì ni ó wà nínú ewu jù. Kì í ṣe ti ìwé, ti ẹnu ni. Òun ni a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun ni a fi ń mú orí ẹni tí inú ń bí wú. Àjàní ni ọkùnrin tí a jà kí a tó ní, Àbẹ̀ní ni obìnrin tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó ní. Ẹni tí ó bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí bí àwọn àgbà ti fojú wo akọ àti abo. Àkànbí, Àjàní, Àkàndé wà fún ọkùnrin; Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, Àníkẹ́ wà fún obìnrin, ìkẹ́ sì kún inú tiwọn. Ìyá àgbà ni ó sábà máa ń fi oríkì fún ọmọ. Nígbà tí ìyá àgbà bá wà ní Ìkirè tí ọmọ sì wà ní Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ ilé ń fi í sílẹ̀, wọ́n ń sọ pé ọmọ ti ní orúkọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Àwọn kan gbọ́n: wọ́n ń tẹ ìyá àgbà láago ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń gbé tẹlifóònù sí etí ọmọ, ìyá àgbà á sì kì í láti òkèèrè. Kò sí ohun tí ó lòdì sí àṣà nínú èyí. Ohùn ni oríkì ń fẹ́.

Ní ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897 tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ti gba gbogbo rẹ̀. Omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare ṣì ń jáde, ní ilé Kristẹni pàápàá, bí àlùfáà tilẹ̀ ń fi ẹsẹ Bíbélì tì wọ́n lẹ́yìn. Èyí tí ó yẹ kí a kíyè sí jù ni àwo omi. Ẹni tí ó bá sọ owó sínú rẹ̀ tí ó sì pe orúkọ, ó ti sọ ọmọ lórúkọ, kò sì sí ẹni tí ó lè gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nídìí àwo yìí ni àríyànjiyàn Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ti ń parí: kò sí ìdí láti mú ilé kan kí a fi ìkejì sílẹ̀. Bàbá bàbá sọ tirẹ̀, ìyá ìyá sọ tirẹ̀, onílé tí ó jẹ́ Àwórì àti aládùúgbò tí ó jẹ́ Ìgbò náà sọ tiwọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n gbé ìyá ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ní òru. Àwọn tí wọ́n pé jọ yí àwo náà ká ni ilé ọmọ yìí ní Muṣin. Òbí tí ó bá mú orúkọ kan láti inú ìwé tí ó sì kọ ọ́ síta kí àwọn ènìyàn tó dé, àwo omi ni ó dà nù.

Ìwé ìjọba kò ní àyè fún orúkọ mẹ́wàá. Òfin 1992 mú kí ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan jákèjádò Nàìjíríà, àjọ tí ń ka iye ènìyàn sì ni ó ń ṣe é. Orúkọ mélòó kan ni yóò wọ ibẹ̀, ìyókù á kù sẹ́nu àwọn tí wọ́n sọ ọ́, á sì bá wọn lọ. Ìdílé tí ó bá ní ìwé kékeré kan, kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ìdí tí ó fi sọ ọ́, kí àwọn àlejò tó gbàgbé.

Kí wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì. Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, Yábàá, tẹ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá jáde ní 2003. Ṣùgbọ́n kò sí atúmọ̀ kankan tí ó lè ran ẹni tí ó kọ orúkọ láìsí àmì lọ́wọ́. Nínú ìwé orúkọ kíláàsì, Ojo ni Ojo. Olùkọ́ tí kò mọ ọmọ náà lè kà á sí òjò, ó lè kà á sí ọjọ́, ó sì lè kà á sí ojo, kí gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tí a sọ fún pé okùn ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn ní òru tí ó dé, mọ̀ pé Òjó ni.